Ọ̀bẹ Mẹ́jọ Lọ́rùn Agbádá

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Irọ́ ni. Èmi ni mo da omi nílé wa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló tẹ ilẹ̀ tútù.

Tápà ni wá. Iṣẹ́ ojú irin ló gbé bàbá mi wá sí Lálúpọn kí wọ́n tó bí mi, ilé Tápà bíi mẹ́fà ló sì wà níbẹ̀. À ń sọ Yorùbá, à ń yan gàrí bíi gbogbo ará ìlú. Ṣùgbọ́n tí Iléyá bá dé, olórí àwa Tápà kì í wọ agbádá kankan àfi tuntun tí bàbá mi bá fọwọ́ ṣiṣẹ́ sí lọ́rùn: àwòrán ọ̀bẹ mẹ́jọ tí wọ́n fi òwú rán, gbogbo wọn ṣóńṣó, wọ́n dojú kọ ilẹ̀. Bàbá mi nìkan ló mọ̀ ọ́n rán. Wọ́n ní bàbá àwọn ló kọ́ àwọn, àti pé ọkùnrin nìkan ni àwọn náà máa kọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ni ọkùnrin ọ̀hún. Ẹni tí kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́! Bọ́ọ̀lù ló mọ̀. Èmi ọmọbìnrin tí mò ń gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ bàbá mi ká ni mò ń wo ọwọ́ wọn.

Ọdún tí mo pé mẹ́rìnlá ni ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Iléyá ku oṣù kan, ọ̀bẹ mẹ́ta péré ló wà lọ́rùn agbádá. Wọ́n pè mí wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan.

"Mo mọ̀ pé o ti ń jí iṣẹ́ yìí wò," ni wọ́n wí. "Rán an. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́."

Inú mi dùn débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́. Mo rán ọ̀bẹ márùn-ún. Bàbá mi fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò mọ ibi tí tiwọn parí sí tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, olórí wa bi wọ́n pé, "Ojú yín tí ò ríran dáadáa mọ́ yìí, ta ló bá yín rán an?" Mo dúró tigbá-tomi lọ́wọ́, mò ń retí orúkọ mi.

"Ọmọ mi ọkùnrin ni," ni bàbá mi wí.

Háà! Wọ́n ṣàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi títí, ó ń ṣe àmín. Kò tiẹ̀ wo ojú mi. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi rán agbádá tí wọ́n fi ń yìn ín. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ kú, òun náà ni wọ́n gbé àpótí abẹ́rẹ́ lé lọ́wọ́ níṣojú àwọn àgbà.

Iléyá tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi gbé aṣọ funfun wá bá mi lẹ́yìnkùlé. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má dójú tì mí."

"Ẹ̀yin lẹ gba àpótí," mo ní. "Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ rán an."

Ó bẹ̀ mí, ó sunkún. Mò ń fọ ìkòkò mi lọ. Ló bá gbé aṣọ lọ bá télọ̀ onímaṣíìnì kan n'Ìbàdàn. Òdòdó nìyẹn rán sí i lọ́rùn. Olórí wa wọ òdòdó lọ sí yídì, ẹ̀gbọ́n mi ò lè gbójú sókè. Kí n má purọ́, inú mi dùn.

Láti ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó tún wọ ọ̀bẹ mẹ́jọ ní Lálúpọn. Àwọn ọmọ wa ò mọ̀ pé nǹkan kan wà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹ̀gbọ́n mi ló pa iṣẹ́ bàbá wa, mò ń gbọ́. Wọn ò dárúkọ mi nígbà tí mo rán an. Nígbà tí mo wá pa á, ẹlòmíì náà ni wọ́n dárúkọ.