Ẹ̀rọ Ìránṣọ Nínú Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ń ṣàìsàn. Mo jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Atakpamé, mò ń rán ṣòkòtò kaki fún akọ̀wé kan ní ibùdókọ̀ ojú irin, nígbà tí aṣọ dúró lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ọwọ́ ń tì í síwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò tẹ ẹ̀rọ mọ́. Òwú ṣù jọ sójú kan bí ìtẹ́ ẹyẹ. Mo ká ṣòkòtò mi sókè: ojúgun mi ti wú, ó ń dán, ó gbóná ju gbogbo ara yòókù lọ.

Ohun kejì tí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ẹ̀rọ, mo tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́, ìrora náà sì lọ. Mo dúró, ó padà. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún lọ. Mo ṣe é léraléra bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré tuntun. Ẹ̀rù àìsàn ń bà mí, síbẹ̀ inú mi ń dùn pé mo ti ká ohun kan mọ́ ibi tó sá pamọ́ sí.

Lẹ́yìn náà ni ibà dé. Ojúgun mi bẹ́, ọyún ń jáde. Ní ilé ìtọ́jú aláìsàn, dókítà Faransé fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wá inú egbò náà títí irin fi kan ohun líle. Mùsé Félíìsì, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Félíìsì, olùtọ́jú aláìsàn tó jẹ́ ọmọ Ifẹ̀ apá ọ̀dọ̀ wa, láti Datcha, túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Eegun mi ti kẹ̀ láti inú. Èérún kan lára rẹ̀ ti kú, ó há sínú ẹran ara bí ìṣó tó dípẹtà nínú pákó. Egbò kì í jinná lórí eegun tó ti kú. Àfi kí a yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀nà ṣe dí mọ́ wa. Kolorofọ́ọ̀mù ni omi olóòórùn tí wọ́n ń kán sórí aṣọ kí aláìsàn fà á símú, kó sùn. Wọ́n fún mi, ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́; dókítà ní òun kò ní dán an wò mọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú tìpìrì kò dé inú eegun. Wíwá èérún eegun sì ń fẹ́ sùúrù, a kò lè wá a lára ẹni tó ń jà. Ohun tó kù ni ayùn: kí àwọn ọkùnrin dì mí mú, kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà kíá. Ẹsẹ̀ kan lè tẹ ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀. Kò lè tẹ̀ ẹ́ bọ́ ìyàwó àti ọmọ.

Mùsé Félíìsì mọ ohun kan tí àwọn Faransé ń pè ní ipinóòsì. Èmi ń pè é ní oorun àfọ̀rọ̀pè. Kì í ṣe oorun gidi, kì í sì í ṣe oògùn. Ọkàn ló ń di ohun kan ṣoṣo mú ṣinṣin, tí ohun yòókù, títí kan ìrora, fi ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ̀ dókítà kan ní etíkun ló ti kọ́ ọ. Eré ọjà ni dókítà tiwa ń pè é, ṣùgbọ́n ó gbà kí Félíìsì dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré.

Félíìsì gbé ṣíbí tó ń dán sókè níwájú mi, ó ní kí n máa wò ó, kí n sùn. Ọwọ́ dókítà tó di abẹ́rẹ́ mú ni mò ń wò ní tèmi. Ó gún mi. Mo kígbe débi pé àwọn tó jókòó de ìtọ́jú níta dìde dúró.

Dókítà ní, "Ó parí. Ayùn ni, ní àárọ̀ ọ̀la."

Ìyá Mátíù, ìyàwó mi, ń nu òógùn ojú mi. Inú bí i. "Mùsé, ṣíbí lẹ fi ń pe téélọ̀? Ṣé ọbẹ̀ ló fẹ́ lá ni? Ọkùnrin tí mo máa ń pè wá jẹun títí oúnjẹ á fi tutù! Ewúrẹ́ jẹ etí ẹ̀wù mọ́ ọn lára nídìí ẹ̀rọ yẹn, kò mọ̀."

Félíìsì rẹ́rìn-ín. Lójijì ó gbé ṣíbí náà sílẹ̀. "Ìyá Mátíù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn àna mi ọkùnrin gbé ẹ̀rọ náà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lèyí? Ṣé ẹ fẹ́ rán ẹsẹ̀ rẹ̀ padà tí mo bá gé e tán ni? Ẹ gbé e jáde!"

Félíìsì bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ. "Dókítà, ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ yín dán an wò. Bí ó bá mira, ẹ lé èmi àti ẹ̀rọ jáde pọ̀."

Dókítà wo ẹ̀wù náà. Ó wo ayùn. "Ṣe kíá," ló wí.

Ìyá Mátíù jókòó, ó ń tẹ ẹ̀rọ láìsí òwú nínú rẹ̀. Ohùn Félíìsì wá bá mi lábẹ́ ariwo rẹ̀: "Téélọ̀, ṣòkòtò akọ̀wé ṣì wà nílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó wọ́ o." Mo di ojú, mo sì rí kaki náà, mo gbóòórùn epo ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó sọ fún mi pé dókítà gún mi, tó tún gún mi, n kò mira, ló bá mú ọ̀bẹ. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe nǹkan sí ẹsẹ̀ kan, bí ẹni tó ń gbọ́ pé aládùúgbò ń gún iyán.

Ìyá Mátíù yíjú, ó rí ohun tí dókítà ń yọ sínú abọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ojú ìránṣọ tí mò ń rán lọ́kàn já mọ́ mi lọ́wọ́, ìrora ya wọlé bí omi gbígbóná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Kí Félíìsì tó la ẹnu, dókítà fúnra rẹ̀ ló kígbe, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nínú ẹ̀jẹ̀: "Má dúró! Màmá, má dúró!" Faransé ló fi sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tí kò yé. Ìyá Mátíù tún tẹ ẹ̀rọ. Mo padà sínú kaki mi.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fi èérún eegun náà hàn mí. Ó gùn tó ìka, ó fúyẹ́, ó lu jára bí eegun ẹja gbígbẹ.

N kò ní parọ́ fún ẹni tó ń kàwé yìí lórí ibùsùn àìsàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ló wo eegun mi. Ọ̀bẹ, aṣọ mímọ́ àti oṣù pípẹ́ ló wò ó. Ìrora padà ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo sunkún. Mo ń tiro díẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ, n kì í sì í jókòó sídìí rẹ̀ láì kọ́kọ́ fọwọ́ pa ojúgun yìí lára, kí n kí i kú iṣẹ́.

Èmi náà ti kọ́ ọ̀nà yìí lọ́dọ̀ Félíìsì. Dókítà fún wa lófin: kí òun wà níbẹ̀, kí a kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ dán ara wò, kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni láé pé a ń wo àìsàn. Òfin rere ni.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, awakọ̀ dókítà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. "Téélọ̀, dókítà ní kí ẹ gbé ẹ̀rọ wá o!" Obìnrin kan láti Notsé ni, epo gbígbóná jó o, kò jẹ́ kí wọ́n ṣí aṣọ ojú egbò rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ dẹ́rù bà á. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Félíìsì fi èdè Ewe bi í léèrè iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣe nílé. Ó ní òun ń ran òwú. A wá òwú fún un. Bí ìka rẹ̀ ṣe ń yí i, tí Félíìsì ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, dókítà ṣí aṣọ náà títí dé ìparí, òwú náà kò já.

Pẹ̀lú tirẹ̀, ó di ẹni márùn-ún tí dókítà fúnra rẹ̀ ti ránṣẹ́ pè wá sí. Mẹ́ta sùn dáadáa. Ọ̀kan sùn dé ìdajì. Ọ̀kan kígbe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.