Korobá Omi Kan Ni Wọ́n Fi Tọ́jú Orí Múdàṣírù

Múdàṣírù Ọláoyè kú lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè tó kọjá, ní ẹni ọdún mọ́kànlélógún. Òun ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà nítòsí ilé mi ní Ìgandó. Àwọn aláṣẹ ní ibà ló pa á. Ibà kẹ̀! Ibà wo ló ń fi irin gbá èèyàn lórí?

Ọmọ náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì láwàdà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti jìnnà sí i, á fẹ̀yìn ti òpó, á máa bá àwa tá a dúró sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì ṣeré. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Bọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, atẹ́gùn nìkan ló máa gba ẹ̀yìn mi kọjá." Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí gòólù méjì péré ló wọlé lórí rẹ̀ ní gbogbo ọdún tó kọjá.

Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló gba ife-ẹ̀yẹ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, lásìkò tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń fi owó Udójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, ra fíríìjì. Ìjọba fi bọ́ọ̀sì tuntun ta kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́rẹ, ọ̀gá àgbà sì ń gbé e lọ síbi ìgbéyàwó. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wòran ló ń sanwó lẹ́nu géètì. Kí ló wá kan àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù? Tíì kọ́ọ̀pù kan àti ìlàjì búrẹ́dì. Bí wọ́n bá borí, odindi búrẹ́dì ni. Ẹ ò rí i pé owó epo ti kárí!

Ní Sátidé, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀, Múdàṣírù fò mọ́ bọ́ọ̀lù, orí rẹ̀ sì gbá òpó gòólù, páìpù irin tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kọ́ kíláàsì tuntun. Ó nà gbalaja. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé, tíṣà eré ìdárayá, sáré dé pẹ̀lú korobá omi, kànrìnkàn àti róòbù. Gbogbo ilé ìwòsàn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà nìyẹn. Àwa òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì pè é, bá a ti máa ń ṣe fún ẹni tó bá ṣubú: "Àjàdí! Àjàdí, dìde o!" Ta ni wọ́n á fi oríkì pè bẹ́ẹ̀ tí kò ní gbìyànjú? Ó dìde, a sì hó yèè.

Ṣóbọ̀wálé nawọ́ pé kí aṣọ́lé kejì wọlé. Ohùn kan ké láti abẹ́ àtíbàbà àwọn aláṣẹ pé, "Ó ti dìde, ẹ jẹ́ kó máa bá a lọ!" Múdàṣírù bá padà sáàárín òpó. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà rẹ̀ ni. Ó ń dùn mí wọra pé mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ó ń bì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kò lè lajú, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí méjì. Bọ́ọ̀sì ńkọ́? Ó bá ọ̀gá lọ òde. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Akọwọ́njọ, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹta, kọ́lẹ́ẹ̀jì rán èèyàn méjì wá. Ìyá rẹ̀, Màmá Mọ̀dínátù, tó ń ta kẹrosíìnì, rò pé wọ́n wá kí òun ni, ó tẹ́ ẹní fún wọn.

"Màmá, ẹ kú ìrọ́jú o. Jẹ́sì la bá wá."

"Òun nìyí, mo ti fọ̀ ọ́. Ta ló ní kí ọmọ mi máa bá a lọ?"

Wọ́n gba jẹ́sì. Wọ́n ká a mọ́ abẹ́ apá, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, Táyéwò, aṣọ́lé kejì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló máa wọ jẹ́sì náà. Bí n kò bá rí nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá àti ọkọ̀ tó máa gbé aláìsàn, èmi fúnra mi ni n ó jókòó sáàárín gòólù. Mo sanra, wọ́n á nílò èèyàn mẹ́fà láti gbé mi kúrò. Gbogbo abẹ́ àtíbàbà ló mọ ẹni tó ké lọ́jọ́ náà. Kó lọ sí Akọwọ́njọ kí wọ́n tó fọn fèrè, kó jókòó lórí ẹní, kó sì wí fún ìyá ọmọ pé, "Èmi ni."