Ṣílè Tí Àfẹ́sọ́nà Mi Fọ̀

Mo rántí ìgbà tí bàbá mi máa ń gbé owó wẹ́wẹ́ sókè sójú fèrèsé, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ẹyin ti bàjẹ́. Ilé wa wà ní Òwu, l'Abẹ́òkúta, bàbá mi sì ti fẹ̀yìn tì kúrò nídìí iṣẹ́ sìmẹ́ńtì l'Ewékorò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi owó ìfẹ̀yìntì sin adìyẹ. Bàbá tèmi ń fi tirẹ̀ ra owó tí ọjà kankan kò gbà mọ́: kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, àti ṣílè ayé òyìnbó tí wọ́n ya igi ọ̀pẹ sí lára. Ìyá mi ní òun dúpẹ́ pé kì í ṣe obìnrin ló ń kó jọ.

Ó pín owó náà sí ipò-ipò, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ná rí, tí imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá, ni wúńdíá. Èyí tó ti wọ ọjà díẹ̀ àmọ́ tí ẹwà rẹ̀ kò tíì ṣá ni adélébọ̀. Èyí tí ọwọ́ ti pa títí tí ọ̀pẹ fi dà bí ìgbálẹ̀ ni arúgbó. Èyí tí wọ́n lu tàbí tí wọ́n họ, òkú ni. Owó wúńdíá kan ṣoṣo lè ra arúgbó kún agbọ̀n. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi bi í pé, "Olówó orí mi, èmi ńkọ́? Ipò wo lẹ fi èmi sí?" Bàbá mi gbé tíì rẹ̀, ó mu ún. Èmi ọlọ́gbọ́n rò pé ẹ̀rù ìyá mi ló ń bà á.

Olórí gbogbo wọn ni ṣílè kan tó rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan lọ́nà Ọ̀fàdà, ẹni tó hú u jáde nínú ìkòkò bàbá bàbá rẹ̀. Wúńdíá ni, àmọ́ ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá mi ní dúdú yẹn gan-an ni iyì rẹ̀, pé ọjọ́ pípẹ́ ló fi wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì bó o ti ba owó náà jẹ́. Oníbàárà kan ń bọ̀ láti Èkó wá rà á. Owó rẹ̀ ni wọn yóò fi ṣe ìdána mi.

Èmi wá gba àfẹ́sọ́nà mi nímọ̀ràn, torí pé ìmọ̀ràn kì í wọ́n lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Bàbá mi fẹ́ràn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Má kàn jókòó bí àlejò o." Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀ gan-an. Bàbá mi ti jáde lọ pàdé oníbàárà náà ní gáréèjì, èmi àti ìyá mi sì wà ní ilé ìdáná. Ọmọkùnrin yìí gbá àgbàlá, ó pọn omi kún dúróòmù, ó dan bàtà bàbá mi. Nígbà tí iṣẹ́ tán nílé, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ṣílè tí bàbá mi gbé sórí òwú lórí tábìlì. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ń fọ ọ̀pá fìtílà onídẹ fún ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, kò sì sí iṣẹ́ tó mọ̀ tó o láyé. Ó já ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó bu eérú, ó sì gbájú mọ́ ọn.

Ó pè mí tayọ̀tayọ̀. "Wá wò ó! O lè rí ojú ẹ nínú ẹ̀!" Mo rí ojú mi lóòótọ́. Ojú ẹni tí kò ní lọ́kọ lọ́dún yẹn ni.

Bàbá mi àti oníbàárà jọ wọlé. Ọkùnrin náà fi awò rẹ̀ wo ṣílè, kò tilẹ̀ jókòó. "Bàbá, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ẹ wo bí eérú ṣe ha á lára. Ká ní ẹ jẹ́ kó dúdú bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá rà á." Ó ní òun lè san iye tó lè ra páálí bisikíìtì kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àfẹ́sọ́nà mi ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rò pé ó dọ̀tí ni."

"Ta ló ní kó o máa wáṣẹ́ kiri nínú ilé mi?"

"Èmi fúnra mi ni, sà." Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Èmi akíkanjú ń ka pákó àjà. Ó dùn mí, ojú sì tì mí, àmọ́ mi ò jẹ́wọ́. Bàbá mi wo ọmọ náà pẹ́, ó wò mí, ó tún padà wò ó, bó ṣe máa ń wo etí owó yípo. Ó ní, "Dìde ńlẹ̀. Lọ jẹun."

Ìdána wa kò ní àtíbàbà, kò ní olórin; ẹ̀yìnkùlé wa, nídìí igi ọsàn ọ̀hún, la ti ṣe é. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ san owó orí, bàbá mi dá a padà fún wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó sì gbé ṣílè lé àpòòwé owó náà lórí. Ó ní, "A kì í ta ọmọ. Èyí náà ò sì ṣeé tà mọ́. Ẹ kó méjèèjì lọ."

Bàbá mi ti papò dà báyìí. Ṣílè náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, ó ti ń dúdú padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú eérú ṣì wà lára rẹ̀ fún ẹni tó bá ní awò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi, tí irun ti kó lọ lórí rẹ̀ tí ikùn sì ti dé, mú un lọ́wọ́, ó ní, "Èmi ńkọ́? Ipò wo ni mo wà?" Ìdáhùn pọ̀ lẹ́nu mi, ẹ mọ̀ mí. Ni mo bá rántí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ bàbá mi tí kò dárúkọ mi. Ohun tí èèyàn fẹ́ tà ló ń wá ipò fún. Mo gbé tíì mi, mo mu ún. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹ̀rù òun ló ń bà mí.