Ogún Tí Olùkọ́ Ìjọ Ṣèlérí Fún Mi

Ọkọ mi kú ní ọdún tó ṣáájú òmìnira, ní àsìkò tí wọ́n ń kó iṣu tuntun bọ̀ láti oko wa ní Bessé. Ogójì ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ṣú mi lópó. Ìyàwó méjì ti wà nílé rẹ̀. Èmi sì ti ṣèrìbọmi.

Mo lọ bá olùkọ́ ìjọ wa, àgbàlagbà kan tí wọ́n gbé wá sí Ṣábẹ láti ìsàlẹ̀ létí òkun. Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkà. Kò sí ohun tó sọ tí mi ò gbà.

Ó ní, "Ọmọ mi, má gbà fún wọn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gba oko, ogún tìrẹ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á. Ṣáà forí tì í."

"Ṣé ẹ ó bá mi dé ọ̀dọ̀ ẹbí ọkọ mi lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè mí?"

"N ó wà níbẹ̀. Èmi ni n ó gbẹnu sọ fún ọ."

Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Ó ti dé ṣáájú mi. Ara tù mí nígbà tí mo rí i, àfìgbà tí mo wo ibi tó jókòó sí: orí ẹní kan náà pẹ̀lú àbúrò ọkọ mi.

Baálé ilé bi mí pé, "Ìyàwó, kí lo wí?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Baba. Ìgbàgbọ́ mi kò gbà á. Olùkọ́ wa nìyí, wọn ó ṣàlàyé fún yín."

Olùkọ́ wúkọ́. Kò wojú mi. "Ìyàwó yín ni. Ọ̀rọ̀ ẹbí kò kan ìjọ. Ìgbọràn ni mo fi kọ́ ọ."

"Baba, ṣé ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ yìí?"

Mo dìde, mo ní mi ò ṣe. Bí wọ́n ṣe gba oko nìyẹn, tòun ti iṣu tí mo fọwọ́ ara mi gbìn. Èmi àti ọmọ mi méjèèjì kó lọ sí yàrá kan nítòsí gáà, ibùdókọ̀ ojú irin, mo ń ta iṣu sísè fún àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ìlú ń jó fún òmìnira ni mo gba ẹ̀gbẹ́ oko ọkọ mi tí wọ́n gbà kọjá. Àwọn kan ń mọ ilé níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló nilé. Wọ́n ní ti olùkọ́ ìjọ ni, àbúrò ọkọ mi ló fún un nílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo jókòó sí, tí mo sunkún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó tún wàásù nípa ogún àwọn tó bá forí tì í. Nígbà tí a jáde, ó na ọwọ́ sí mi. "Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà ni?"

Mo ní, "Baba, èmi ṣì ń retí ogún tèmi. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀yin ti gba tiyín."

Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

Mi ò fi ìjọ sílẹ̀, mi ò sì fi Ọlọ́run sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbọ́wọ́ lé mi lórí láti gbàdúrà, mo máa ń sún sẹ́yìn.