Tíṣà Ọkọ̀ àti Ọmọ Tó Pè ní Àgbà

Lójú ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ wà tó Tíṣà Ọkọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń kọ́ni nínú yàrá kan tó há gádígádí lẹ́yìn ilé epo: bẹ́ǹṣì mẹ́ta, pátákó tí wọ́n ya àmì ojú títì sí, àti ọkọ̀ kékeré kan níta. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi jíà wọ̀, á ní, "Ṣé o gbé orí wá lónìí ṣá?" Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sọ pé bí ọkọ òun bá sùn pàápàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa wá bíréèkì kiri orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Òfin ní kó dúró di ọdún méjì sí i kó tó wakọ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ gbà pé àwọn ọmọ ẹlòmíì ni òfin ń bá wí. Ojú gbogbo ayé ló ti ń fún un ní kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń yà ní kọ́nà," á wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Àgbà lọmọ mi yẹn. Ẹ̀yin onírùngbọ̀n lẹ ṣì ń gbọ̀n."

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọmọ náà gbé ọkọ̀ lọ síbi ọjọ́ìbí ọmọ kíláàsì rẹ̀. Wọ́n po ọtí mọ́ omi ọsàn níbẹ̀, ó sì mu ife mẹ́ta. Nígbà tó ń bọ̀, ọkọ̀ yà bàrá kúrò lójú títì, ó sì gbá bàbá aránbàtà kan tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì bàbá náà kán síbi méjì.

Tíṣà sáré débẹ̀ ṣáájú ọlọ́pàá. Bọ́ńpà ló kọ́kọ́ wò kó tó wo ẹsẹ̀ aránbàtà. Lẹ́yìn náà ló fa ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sọ pé bíréèkì ló já."

"Bíréèkì ò já, Dádì. Ọtí ni mo mu."

"Ta ló bi ọ́?"

Kò pẹ́ tí obìnrin ọlọ́pàá kan fi dé, tó bi í. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan sí i lẹ́nu pé kó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Tíṣà ní díẹ̀ lásán lọmọ náà mu.

"Tíṣà lẹ̀yin náà, ẹ sì mọ̀ ọ́n," ni ọlọ́pàá fèsì. "Fún ọmọ tí kò tíì pé méjìdínlógún, òfin ò mọ díẹ̀. Ẹ̀kán kan ti pọ̀ jù."

Ní ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé, Tíṣà wọ kóòtù dúdú, ó tẹrí ba bí ẹni tí kò lè pa eṣinṣin.

"Olúwa mi, ọmọdé ni. Kò tíì mọ nǹkan kan."

Adájọ́, ìyá àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú, ṣí ìwé wò. "Akẹ́kọ̀ọ́ yín mẹ́ta sọ pé àgbà lẹ máa ń pè é. Ìgbà wo ló padà di ọmọdé? Ṣé ojú ọ̀nà ibí ni?"

Adájọ́ bi ọmọ náà léèrè ohun tó ní í sọ.

"Mo jẹ̀bi, mà. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ bàbá yẹn nígbà tó kán. Mo ṣì ń gbọ́ ọ."

Adájọ́ ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ títí yóò fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, àti pé fún oṣù mẹ́fà, yóò máa ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí eegun wọn kán ní gbogbo Sátidé. Tíṣà mí kanlẹ̀, ó rò pé ó tán. Kò mọ̀ pé ìwé kejì wà tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ ni kéèyàn fa ọkọ̀ lé ọmọ tí kò ní ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n gba ìwé àṣẹ tó fi ń kọ́ni fún ọdún méjì, wọ́n ní kó san owó ìtọ́jú aránbàtà, kí òun àti ọmọ rẹ̀ sì jọ lọ sí kíláàsì lórí ọtí àti ọkọ̀ wíwà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì yẹn, ó nawọ́ láti tún ọ̀rọ̀ olùkọ́ ṣe. Olùkọ́ náà, tí kò tó ọgbọ̀n ọdún, ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ọ̀rọ̀ òbí tó ń fún ọmọ ní kọ́kọ́rọ́ la fẹ́ bọ́ sí báyìí. Ẹ ṣáájú wa." Ọwọ́ náà wálẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ní wọ́ọ̀dù, aránbàtà kọ̀ kí ọmọ náà bu omi fún òun ní Sátidé méjì àkọ́kọ́. Ní ìkẹta, ó na ọ̀pá ìtilẹ̀ sí i. "Dì í mú dáadáa. Ilẹ̀ ni kó o máa wò, má wo ojú mi." Wọ́n rìn dé ojú fèrèsé, wọ́n sinmi, wọ́n sì padà.

Lọ́jọ́ náà, Tíṣà ń dúró de ọmọ rẹ̀ ní ibùdókọ̀ níta. Ó ti rí àjèjì kan mú.

"Ọmọ mi ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọsibítù yẹn," ló ń sọ fún un. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré, wọn ò lè ṣe Sátidé kan láìsí i níbẹ̀."