Iná Tí Màámi Lè Gbé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti Àbújá ló ti pè mí lórí fóònù, ó ní bí òun bá dé Ìkọ̀lé ní ìparí oṣù, tí òun kò bá iná gidi nílé Màámi, òun yóò kó ìyá wa lọ sọ́dọ̀ òun, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Àyà Màámi a máa há, èémí rẹ̀ a máa dún fín-ín-fín-ín bíi fèrè ọmọdé. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ń sọ oògùn olómi di ìkùukùu, tí ó máa ń fi ìbòmú fà símú, ni í tú àyà náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Iná ìjọba tiwa ní àdúgbò wá dà bí àlejò tó ti jẹun kó tó dé: kì í jókòó pẹ́.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n lo jẹnẹrétọ̀. Mo ní ọ̀kan. Èéfín rẹ̀ gan-an ni ọ̀tá àyà Màámi. Bí mo bá tàn án lẹ́yìnkùlé, èéfín a gba ojú fèrèsé wọlé, a wá dà bíi pé à ń fi ọwọ́ ọ̀tún wo àìsàn, à ń fi tòsì dá a padà. Ọ̀rọ̀ náà máa ń bí mi nínú. Bẹ́ẹ̀ ni Màámi kò fẹ́ lọ síbì kankan. Ìkọ̀lé ni ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni a sin bàbá mi sí. Ó ní bí wọ́n bá gbé òun dé Àbújá, ta ni òun yóò máa bá jà?

"Ẹnìkan ò mọ̀ mí níbẹ̀ débi tí yóò ṣẹ̀ mí," ni ó wí.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá àpótí iná alágbèéká kiri nìyẹn, irú èyí tí ń fi iná pamọ́ sínú, tí a lè fi iná ilé tàbí páńẹ̀lì sólà kún, tí kì í pariwo, tí kì í rú èéfín. Kí n sì tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bọ́ọ̀sì mi. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe: ìgbéyàwó lónìí ní Ìdó, ìsìnkú lọ́la ní Ọ̀tùn. Mo ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà, mo tẹ́ fóòmù síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ń sùn bí iṣẹ́ bá dá mi dúró sí ìlú onílùú. Ohun tó wu ni ní ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé àpótí kan náà yóò sin Màámi, yóò sì sin bọ́ọ̀sì.

Ìlú Ọyẹ́ ni mo lọ, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò lè ṣe kí wọ́n má gba iná sí fóònù, ṣọ́ọ̀bù irú ọjà bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tà á kí mi dáadáa, ó ní, "Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ kó gbé?"

"Gbogbo ẹ̀," ni mo dáhùn. Mo ka fíríìjì, mo ka tẹlifíṣọ̀n, mo ka fáànù, mo ka kámẹ́rà mi, mo dé orí áyọ́ọ̀nù.

"Ẹ jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù sinmi, bọ̀dá. Kíá ló máa fa iná inú ẹ̀ tán."

"Ṣé kí n wá máa wọ aṣọ tó rún ni?" Inú ti ń bí mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi èyí tó tóbi jù lọ hàn mí. Bí mo ṣe rí i báyìí, ìfẹ́ rẹ̀ kó sí mi lórí. N kò wo òmíràn mọ́.

Èmi àti aládùúgbò wa kan ni a jọ gbé e wọ ilé Màámi. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Iná yín rèé, Màámi!" ni mo wí, bí mo ṣe ń mí hẹlẹ. "Ó lè gbé fíríìjì, ó lè gbé fáànù, kò sí ohun tí kò lè gbé!"

Màámi dìde. Ó di ìmúlọ́wọ́ àpótí náà mú, ó fà á, kò mì. Ó tún fà á. Ó wo èmi, ó wo aládùúgbò wa tó ń nu òógùn.

"Wọ́n pè é ní kí ni?"

"Alágbèéká ni, Màámi."

"Alágbèéká! Ta ni yóò máa gbé e ká? Uná ọ̀ún lè gbé gbogbo ulé, ó dáa. Ta ni yóò gbé uná?"

Aládùúgbò wa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí àpótí náà. Mo bínú. Mo ní a ó gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀, kò ní lọ síbì kankan.

"Bí àyà bá há mi ní yàrá ńkọ́? Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Bí o bá sì gbé e lọ sí Ọ̀tùn nínú bọ́ọ̀sì rẹ ńkọ́, ọkọ mi?"

N kò tíì dárúkọ bọ́ọ̀sì fún un rárá. Ó tún jókòó sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ẹ̀rọ oògùn ti wọlé wá ni òun kò ti lè lọ sùn ní ìlú Àsin lọ́dọ̀ àbúrò òun, nítorí iná. Ó ní, "Uná tí mo lè gbé ni mo fẹ́, kí n lè máa gbé níbi tó wù mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé òun àti àpótí ńlá náà padà sí Ọyẹ́. Ọmọbìnrin náà kò janpata, ó ní kí Màmá yan èyí tó wù wọ́n. Màámi ń gbé wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń padà. Ó gbé ọ̀kan, ó sọ ọ́ kalẹ̀ kíá, ó ní ó wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Nígbà tó rí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká, ó fa ẹ̀rọ oògùn rẹ̀ yọ nínú àpò, ó jókòó sórí àga oníke láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìbòmú bo imú, ó ní kí wọ́n tan án. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá dúró wò. Ọmọbìnrin náà ka nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó fi wé ti ara àpótí, ó ní yóò gbé e, yóò ṣẹ́kù, yóò tún gbé fáànù àti gílóòbù. Màámi sọ nǹkan kan nínú ìbòmú, ẹnìkan kò gbọ́. Ó ṣí i, ó ní, "Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́."

Ọ̀sán Sátidé kan ni ẹ̀gbọ́n mi dé, pẹ̀lú báàgì onítáyà ńlá kan, òfìfo. Gbogbo wa mọ ohun tó fẹ́ kó sínú rẹ̀. A kò tíì jẹun tán tí iná fi lọ. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, èéfín yọ sí wa, Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo dìde, Màámi fọwọ́ dá mi jókòó. Ó wọ yàrá lọ, ó jáde pẹ̀lú àpótí iná lọ́wọ́ kan, ẹ̀rọ oògùn lọ́wọ́ kejì, ó kọjá lójú wa, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí atẹ́gùn ti mọ́. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ti tan án, ó ti ń mí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣe díẹ̀, Màámi la ojú kan.

"Ṣé fíìmù lẹ̀yin méjèèjì ń wò ni?"

"Màámi, ta ló kọ́ yín?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ta ló kọ́ ìwọ ní rírìn?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Tèmi náà ń bọ́. Inú mi dùn débi pé n kò mọ ibi tí mo lè fi ọwọ́ sí.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Màámi fúnra rẹ̀ wọ́ báàgì onítáyà náà jáde láti pálọ̀. Ó to iṣu sí i, ó fi èlùbọ́ há a láàárín, ó sì jókòó lé e lórí kí n lè fa síìpù rẹ̀ pa dé. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa gbé e lọ sí Àbújá, bí ó bá tán, kó padà wá gba òmíràn, ó mọ ulé.