Ọkà Yéfímù

Kí ló dé tí a fi ń mú ọkà tí a sọ lórúkọ ìyè, tí a sì ń sè é fún òkú? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka Sáàmù, tí mo sì ń ka orúkọ àwọn alààyè àti ti àwọn òkú fún àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa létí Òkun Funfun, mi ò tíì rí ìdáhùn.

Ọkà báálì la ń pè ní jíto níbí. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “wà láàyè” ni àwọn baba wa ti fà á yọ. Àwọn ará gúúsù ń fi orúkọ kan náà pe ọkà ráì. Kálukú ń fi í pe ohun tí kò jẹ́ kí ebi pa á kú. Tiwa ni báálì, torí òun ló ń gbó kí òtútù tó dé.

Yéfímù, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Pelagéya bí, ló fún irúgbìn sóko ẹ̀yìnkùlé wọn kó tó wọ ọkọ̀ ẹja. Ọkọ̀ ò padà. Àjẹ̀ nìkan ni omi gbé wá. Láti ìgbà náà, irú ọkà yẹn ni ìyá ń gbìn, tó ń kó, tó tún ń fi pamọ́. Bí Sátidé ìrántí àwọn òkú bá dé, ìyá a máa ra ọkà mìíràn lọ́jà, á sì sè é pẹ̀lú oyin fún ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Kò se ti Yéfímù rí. Lójú wa, ẹni tí wọn ò tíì sè fún, kò tíì kú.

Agáfíà aládùúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyá àgbà, ọkà yín á gbó jù yín lọ o.” Ìyá náà á rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e dóko mọ́. Nígbà tí mo lọ mú un láàárọ̀ Sátidé, ìkòkò ti kúrò lórí iná, àpò irúgbìn Yéfímù ti ṣófo lára ògiri. Mo gba àwo ọkà tó sè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbóná lọ́wọ́ mi. Mo gba àjíǹde gbọ́. Síbẹ̀, bí atẹ́gùn òkun ṣe ń fẹ́ sí wa, mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kankan ń gbọ́ orúkọ tí mò ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Agáfíà pàdé wa lọ́nà. Ó wo àwo, ó di ìyá lápá mú.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá fà mí láṣọ.

“Ọmọ mi, ka Yéfímù mọ́ àwọn òkú.”

Mo ní màá kà á.

“Mo tún bẹ̀ ọ́, má tíì yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn alààyè. Kà á níbẹ̀ náà.”